Ẹnjinníà núkílíà ní Òṣogbo: iṣẹ́, ilé àti ìfẹ̀yìntì

Ẹnjinníà núkílíà ni òṣìṣẹ́ tí ó mọ bí a ti ń fa ooru jáde láti inú átọ́ọ̀mù, tí ó sì mọ bí a ti ń kó o níjàánu kí ó lè wúlò fún iná ẹ̀lẹ́tíríìkì, ìtọ́jú aláìsàn, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìwádìí. Kò sí rìákítọ̀, ẹ̀rọ tí a ti ń pín átọ́ọ̀mù, ní Òṣogbo, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti 1991, bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà kò tíì ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń fi átọ́ọ̀mù pèsè iná. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ìlú náà fi bá iṣẹ́ yìí tan: ibùdó ìwádìí agbára kan wà ní Ilé-Ifẹ̀, ní ìpínlẹ̀ kan náà, ibi tí a sì ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà ní Òṣogbo gan-an.

Ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́

Nàìjíríà wọ Àjọ Àgbáyé fún Agbára Átọ́ọ̀mù, IAEA, ní 1964. Ní 1976 ni a dá ibùdó ìwádìí agbára ti Ilé-Ifẹ̀, CERD, sílẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí í ṣe Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí; irú rẹ̀ tó wà ní Zaria ń jẹ́ CERT. Ọdún kan náà ni òfin dá àjọ agbára átọ́ọ̀mù ti orílẹ̀-èdè, NAEC, sílẹ̀, àmọ́ 2006 ni àjọ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu. Ẹni tí ó wọṣẹ́ ìjọba ní 1976 ti lo 30 ọdún nígbà náà; ọdún márùn-ún péré ni ó kù kí ó pé 35 ọdún tí a fi ń fẹ̀yìntì. Rìákítọ̀ ìwádìí NIRR-1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Zaria ní 2004. Ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bí kílówáàtì 30 sí 34 lọ, a kò sì kọ́ ọ fún iná. Àyẹ̀wò ohun tó wà nínú erùpẹ̀, òkúta àti oúnjẹ ni a fi ń ṣe.

Ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́

Bí nútírọ́ọ̀nù kan, èérún kékeré inú átọ́ọ̀mù, bá kọlu átọ́ọ̀mù yuréníọ̀mù-235 tí í ṣe epo rìákítọ̀, yóò pín sí méjì, ooru yóò jáde, nútírọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta yóò sì tún fò jáde láti lọ kọlu òmíràn. Nínú ẹgbẹ̀rún irú nútírọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀, nǹkan bí mẹ́fà sí méje kì í jáde lójú ẹsẹ̀. Wọ́n máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nígbà mìíràn tó ìṣẹ́jú kan, pẹ́ lẹ́yìn. Ìwọ̀nba díẹ̀ yìí ni ó mú kí ènìyàn lè darí rìákítọ̀ rárá. Bí gbogbo wọn bá ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ọ̀pá ìdarí, èyí tí ń gbé nútírọ́ọ̀nù mì, tí ì bá yára tó wọn.

Ohun kejì tí ẹnjinníà kì í gbàgbé ni ooru tó kù lẹ́yìn tí a bá pa rìákítọ̀. Ó dà bí ògúnná abẹ́ eérú: a ti yọ igi, iná kò jó mọ́, síbẹ̀ ìkòkò ṣì ń hó. Ní kété tí a bá pa á, ooru tó kù máa ń tó ìdá mẹ́fà sí méje nínú ọgọ́rùn-ún ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kan ó máa ń rọ̀ sí nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn lórí rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Ní Fukushima, ní ilẹ̀ Japan, ní oṣù kẹta 2011, àwọn rìákítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ti kú fúnra wọn nígbà tí ilẹ̀ mì. Àìsí iná fún ẹ̀rọ tí ń fa omi ni ó ba nǹkan jẹ́.

Nítorí náà, tọ̀sántòru ni iṣẹ́ rìákítọ̀ ńlá, ṣíífù sì ni. Kò mọ Iléyá, kò mọ ọdún Ọ̀ṣun.

Báàjì àti àwọn ará ilé

Òṣìṣẹ́ máa ń so báàjì kékeré mọ́ àyà, èyí tí ń ka ìtànṣán tí ara rẹ̀ gbà. Ìlànà àgbáyé ni pé kí ó má ju millisievert 20 (òṣùwọ̀n ìtànṣán tí ara gbà) lọ lọ́dún, bí a bá pín ti ọdún márùn-ún dọ́gba, kí ọdún kan ṣoṣo má sì kọjá 50. Fún ará ìlú, 1 ni, yàtọ̀ sí èyí tí ilẹ̀, afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti òfuurufú ń fún wa, tó ń lọ sí nǹkan bí 2.4 lọ́dún káàkiri ayé. Aboyún tó bá ti jẹ́ kí a mọ̀, ọmọ inú rẹ̀ ni a ń kà sí ará ìlú.

Ìyàwó tàbí ọkọ sábà máa ń bẹ̀rù pé òṣìṣẹ́ lè gbé e wálé. Ẹni tí irú ìtànṣán X-ray bá gba ara rẹ̀ kọjá kò lè kó o ran ẹlòmíràn. Eruku tó lẹ̀ mọ́ aṣọ ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Ìdí nìyẹn tí aṣọ iṣẹ́ fi ń dúró síbi iṣẹ́, tí a sì ń yẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wò kí ènìyàn tó jáde. Ní ti ọmọ bíbí, ìwádìí lórí ọmọ àwọn tó yè bọ́ lọ́wọ́ bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù ní Hiroshima àti Nagasaki kò tíì fi àpọ̀jù àrùn àjogúnbá hàn. Ní Nàìjíríà, àjọ NNRA ni ó ń bójú tó ààbò yìí láti 2001.

Ìfẹ̀yìntì

Ọmọ ọdún 60 tàbí 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ni ti ìjọba, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì lè dé 70. Àkọsílẹ̀ báàjì kì í bá òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì. Ìlànà IAEA ni pé kí a tọ́jú rẹ̀ títí ẹni náà yóò fi pé 75, ó kéré tán, kí ó má sì dín ní 30 ọdún lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà parí. Ẹni tó kúrò ní 60, ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà títí di ìgbà tí ì bá pé 90, nítorí pé jẹjẹrẹ lè pẹ́ kí ó tó yọjú. Ó dára kí ìdílé mọ ibi tí ìwé náà wà.

Òṣogbo àti gíríìdì

Láti Ilé Ìdarí Iná Orílẹ̀-èdè ní Òṣogbo ni a ti ń sapá kí ìsáré iná má kúrò nítòsí 50 Hz, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ ńlá kan tí ń pèsè iná bá já lójijì, ìsáré náà yóò lọ sílẹ̀, gíríìdì sì lè wó. Ìmọ̀ràn tí a sábà ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo má ju ìdá mẹ́wàá agbára gíríìdì lọ. Ohun tí ń gba orí wáyà Nàìjíríà sábà máa ń wà láàárín mẹ́gáwáàtì 4,000 àti 5,000. Rìákítọ̀ ńlá òde òní sì tó 1,000. Èyí ni ó jẹ́ kí rìákítọ̀ kékeré, tí kò ju 300 lọ, máa wu ọ̀pọ̀ ẹnjinníà. Bí èyí tí a bá kọ́ bá nílò ẹ̀rọ tí ń fa omi, gíríìdì kan náà ni yóò máa fún ẹ̀rọ omi rẹ̀ níná bí a bá pa á. Ní ọjọ́ tí gíríìdì bá wó, jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àti bátìrì ọgbà rẹ̀ ni yóò máa mú ògúnná náà tutù.