Kò sí oògùn lára ọ̀rá greenhouse: ohun tí "UV" ń ṣe fún kòkòrò

Bí ẹ bá lọ ra ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo greenhouse, ìyẹn ilé tí a ń gbin nǹkan sí lábẹ́ ọ̀rá, ẹ kò ní ṣàìgbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹni tó ń tà á: "UV ni o." Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí mo bá sọ̀rọ̀ gbà pé ó túmọ̀ sí pé oògùn wà lára ọ̀rá náà, pé kòkòrò tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ yóò kú. Wọ́n á wá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Kò ní pẹ́ tí ewé tòmátì á fi máa ká jọ, tí etí rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè, tí igi náà á ràn mọ́lẹ̀, tí kò ní ga mọ́.

Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Ọ̀rá méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè.

Oòrùn a máa jẹ ọ̀rá. Ẹ fi ọ̀rá piọ́ wọ́tà sílẹ̀ síta fún oṣù mélòó kan, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á fọ́ wẹ́wẹ́. Ìtànṣán UV, ìyẹn apá kan ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú èèyàn kò lè rí, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po èròjà mọ́ ọ̀rá greenhouse kó lè pẹ́ lórí òrùlé. Èyí ni wọ́n ń kọ "UV-stabilised" sí lára. Ara ọ̀rá ni èròjà yẹn ń dáàbò bò. Ìtànṣán náà ṣì lè máa kọjá wọlé fàlàlà. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe kí UV má lè kọjá, "UV-blocking" ni. Òun ló kan ọ̀rọ̀ kòkòrò.

Ojú kòkòrò ló ń bá jà. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ń rí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 400 nanometre (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán ìmọ́lẹ̀) lọ sókè. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó ré kọjá àwọ̀ àlùkò tó gbẹ̀yìn òṣùmàrè, òkùnkùn ni lójú tiwa. Ojú eṣinṣin funfun (whitefly) ń rí i, ti thrips àti aphid, àwọn kòkòrò kéékèèké mìíràn tó ń mu oje ewé, náà ń rí i. Bí eṣinṣin funfun bá gbéra, UV tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀run ló ń tọ́ ọ sọ́nà. Àwọ̀ ewé tó sún mọ́ yẹ́lò ló ń pè é pé kó bà, ìdí tí páálí yẹ́lò olóòjé fi ń mú un nìyẹn. Nínú ilé tí UV kò wọ̀, tiwa ni pé ibẹ̀ mọ́lẹ̀ rokoṣo. Lójú tirẹ̀, àfi bíi pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Èyí tó wà níta kì í fẹ́ wọlé, èyí tó sì wọlé kì í fò kiri tó bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ fífò yìí ló jẹ mí lógún jù. Oje tí eṣinṣin funfun ń mu lára ewé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáírọ́ọ̀sì tó ń gbé láti orí igi kan dé orí èkejì, èyí tó ń ká ewé tòmátì jọ. Bí kò bá fò, àrùn ò rìn. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, Yehezkel Antignus àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì fi irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ bo tòmátì, kòkòrò àti àrùn ewé kíká sì dín kù gan-an sí ti abẹ́ ọ̀rá lásán. Àwọn onímọ̀ mìíràn tún dán an wò ní Thailand, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti jọ tiwa, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà.

Ó dín kù ni mo wí o, n kò wí pé ó tán. Greenhouse tiwa ní ìhà Ìbàdàn sí Ògùn, òrùlé nìkan ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀rá, nẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí nẹ́ẹ̀tì yẹn kò bá dí UV, ẹ̀gbẹ́ ni UV yóò gbà wọlé, ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ ń ṣe bákan náà. Ohun tó sì ti bá wa wọlé láti nọ́sìrì, ọ̀rá ò lè lé e jáde. Kí ẹ tó gbé igi tòmátì kéékèèké wọlé, ẹ yí ewé rẹ̀ dà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Bí nǹkan funfun bá tú yàà bí eérú, ẹ má gbé e wọlé.

Ọ̀rá tó ń dí UV yìí ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wa pẹ̀lú. Oyin náà ń fi UV ríran, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ gbin bàrà tó ń retí oyin rò ó dáadáa. Ìgbá aláwọ̀ àlùkò nílò UV kí àwọ̀ rẹ̀ tó jinlẹ̀; láìsí i, àwọ̀ rẹ̀ lè ṣí.

Ẹ lè dán ọ̀rá wò ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó. Ẹ mú iná UV kékeré tí àwọn olówò fi ń yẹ owó wò, ẹ tàn án sí owó náírà kí ẹ rí àmì tó ń tàn lára rẹ̀. Kí ẹ wá fi ọ̀rá náà sáàárín iná àti owó. Bí àmì náà bá ṣì ń tàn bíi ti àkọ́kọ́, UV ń kọjá, eṣinṣin funfun á máa ríran lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣú, ẹ ti rí ọ̀rá tí ẹ ń wá.