Kí ni làákàyè àṣà tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì?

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan láti Abẹ́òkúta wà ní wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ. Obìnrin Haúsá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀. Kì í wo ọmọ náà lójú èèyàn, kò sì pè é lórúkọ. Ìyá obìnrin náà ló ń gbé ọmọ jó. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ ọ́ sínú ìwé wọ́ọ̀dù pé: "Ìyá kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀."

Ohun tó rí kì í ṣe irọ́. Ìtumọ̀ tó fún un ló lè ṣì. Ìtìjú kan wà láàrin àwọn Haúsá tí wọ́n ń pè ní kunya, tí kì í jẹ́ kí ìyá kẹ́ àkọ́bí rẹ̀ níṣojú àwọn èèyàn tàbí kó dárúkọ rẹ̀. Kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu: ṣebí ìyàwó ilé tiwa náà ló ń pe àbúrò ọkọ ní Akọ̀wé tàbí Ìbàdíàrán, torí kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀.

Làákàyè àṣà, ìyẹn òye bí èèyàn ṣe lè bá ẹni tí àṣà rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀ ṣe pọ̀ dáadáa, ni ohun tí ì bá dá gègé akẹ́kọ̀ọ́ yẹn dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà, cultural intelligence, kò ti ilé ìwòsàn wá. Christopher Earley àti Soon Ang, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ìṣàkóso iṣẹ́, ló gbé e jáde nínú ìwé wọn ní 2003. Ṣùgbọ́n Madeleine Leininger, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, ti ń rò ó láti àwọn ọdún 1950 pé kò sí bí nọ́ọ̀sì ṣe lè tọ́jú aláìsàn dáadáa bí nọ́ọ̀sì náà kò bá mọ àṣà aláìsàn ọ̀hún.

Apá mẹ́rin ni làákàyè àṣà ní: kéèyàn mọ nǹkan nípa àṣà ẹlòmíì, kó wù ú láti sún mọ́ onítọ̀hún, kó lè yí ìṣe àti ohùn rẹ̀ padà, àti èyí tó le jù lójú tèmi, kó máa ṣọ́ èrò ara rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ló rọrùn láti kọ sí pátákó: Haúsá ń ṣe báyìí, Ìgbò ń ṣe báyẹn. Àkọ́sórí bẹ́ẹ̀ sì léwu. Bí ó bá ṣe pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń bá àwọn kan lẹ́yìn ìbímọ ló mú obìnrin yẹn ńkọ́? Nọ́ọ̀sì tó ti há kunya sórí á ní "àṣà wọn ni," á sì kọjá lọ.

Ó yẹ kó béèrè ni. Arthur Kleinman, dókítà àrùn ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní 1978: Kí lẹ rò pé ó fa àìsàn yìí? Kí lẹ ń bẹ̀rù jù nípa rẹ̀?

Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n fi ń wọn làákàyè yìí, gbólóhùn 20, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò sì fún ara rẹ̀ ní máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè gba máàkì rẹpẹtẹ níbẹ̀. Olùkọ́ tó tẹ́ mi lọ́rùn ni èyí tí yóò ṣí ìwé wọ́ọ̀dù yẹn, tí yóò fìka sí gbólóhùn náà, tí yóò ní kó tún un kọ: ohun tó fojú rí lọ́tọ̀, ohun tó rò lọ́tọ̀.