Ìkarahun ìgbín, Ẹ̀fẹ̀ Kétu àti àwọn ọmọ tó ń rap

Ẹ̀fẹ̀, olórin òru tó ń ṣáájú ijó ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kì í jáde kíákíá ní Kétu, ìlú wa ní Bẹ̀nẹ̀. Lóru ọjọ́ náà, tí agbo ti kún lọ́jà, tí àwọn ìyá ti tẹ́ ẹní, tí àwọn ọmọ kan ti sùn lọ sẹ́yìn ìyá wọn, Arábí Ajígbálẹ̀ á kọ́kọ́ wá gbálẹ̀. Agbéná á gbé iná dé. Apaná á wá pa iná, kálukú á pa àtùpà tirẹ̀, títí kan iná tẹlifóònù láyé ìsinsìnyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í ṣàìrí ọmọ aláìgbọràn kan. Ìgbà tí òkùnkùn bá ṣú dáadáa ni Tètèdé á jáde, á máa fi orin pe ẹnì kejì rẹ̀. Á pè é, á tún un pè. Ohùn Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, ẹnì kejì náà, á ti máa dé etí wa kí a tó fojú kàn án rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni ọ̀rọ̀ dídárà ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, ibi ìdúró yẹn ni mo máa ń tọ́ka sí. Ọkùnrin náà ò tíì sọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, a sì ti mọ̀ pé ẹnì kan nínú ìlú ò ní rí oorun sùn lóru yìí.

Ìtàn méjì ni wọ́n ń pa fún wa nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ti Ifá sọ pé Yemọja ń wá ọmọ. Wọ́n ní kó rúbọ, kó gbé ère igi lérí, kó wọ ṣaworo irin sẹ́sẹ̀, kó máa jó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó bí ọkùnrin kan, ọ̀rọ̀ àwàdà ò tán lẹ́nu ọmọ yìí, ni wọ́n bá ń pè é ní Ẹ̀fẹ̀. Ó tún bí obìnrin kan, èyí sanra, ijó ló fẹ́ràn, òun ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nígbà tí àwọn náà dàgbà tí wọn ò tètè rọ́mọ bí, ijó ìyá wọn ni wọ́n tún ní kí wọ́n lọ jó.

Ìtàn kejì, ti ààfin Kétu ni. Ọba kan wàjà, ó fi ìbejì ọkùnrin sílẹ̀, ọ̀rọ̀ oyè sì dìjà. Ọ̀kan gbọ́ pé èkejì fẹ́ pa òun, ó sá lọ sí Ìlóbì, tó wà lápá Nàìjíríà lónìí. Ó mọ̀ pé wọ́n á tọpasẹ̀ òun débẹ̀ lóru. Ó ṣa ìkarahun ìgbín jọ, ó so wọ́n mọ́ okùn, ó na okùn náà sójú ọ̀nà. Ó wá gbé ère olórí ènìyàn kalẹ̀, ó wọ̀ ọ́ láṣọ. Nígbà tí àwọn ọ̀tá dé, ẹsẹ̀ kọ́ okùn, ìkarahun hó, ère dúró gangan nínú òkùnkùn. Wọ́n bẹ́sẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ kan tó yẹ àwọn ìtàn yìí wò fi ìbẹ̀rẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àwọn ará Ìlóbì ní bí tiwọn ṣe lọ, a ò ní torí ìyẹn bá wọn jà.

Èmi fẹ́ràn ti ìgbín. Ìkarahun yẹn ṣófo, wọ́n ti jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ tán. Ọmọ ọba ò ní ọmọ ogun, kò sì rí ọ̀rẹ́ pè. Bó ṣe to nǹkan lásán ló gbà á lọ́wọ́ ikú.

Ohun tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ ń ṣe náà nìyẹn. Á kọ́kọ́ júbà: ó júbà òrìṣà, ó júbà àgbà, ó júbà àwọn ìyá wa, ó júbà wọn títí. Ìjúbà yìí kì í ṣe kí àkókò lè lọ. Ẹnu tó fẹ́ sọ ohun tó wúwo ń tọrọ àyè ni. Lẹ́yìn náà ni yóò wá gbé ọ̀rọ̀ ìlú kalẹ̀, olè, ọ̀lẹ, àgbà tó ń ṣe bí ọmọdé, àwọn agberin á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ títí gbogbo agbo á fi mọ̀ ọ́n. Kì í sábà dárúkọ ẹni. Ẹni ọ̀rọ̀ bá sì bá ò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó lọ bínú nílé rẹ̀.

Mo ti fọwọ́ ara mi dán an wò rí. Ẹ mọ tòngólò, igbá ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àgbàdo àti gàrí lọ́jà. Àwọn ọlọ́jà kan máa ń lu ìdí rẹ̀ wọnú, kó lè tètè kún fọ́fọ́ lójú ẹni tó ń rà. Ẹnì kan ṣe mí bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan. N ò dárúkọ rẹ̀. Mo délé, inú ń bí mi, mo hun ìlà mẹ́rin:

Ẹ bá mi wòdí o, ẹ má wo ẹnu,
Ẹnu igbá ń rẹ́rìn-ín, ìdí igbá ń jalè.
Ẹni bá mọ̀dí ò gbọdọ̀ sọ̀dí,
Orin ni mo fi ṣaṣọ, mo fi bo olè níhòòhò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ẹrù yẹn: ìdí. Ìdí igbá ni, ìdí abájọ náà ni, àṣírí tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tún ni. Ká ní mo sọ pé "ìyá oníbáyìí rẹ́ mi jẹ", ẹjọ́ ni mo rò, wọn á sì máa bi mí pé ta ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ní "ẹ bá mi wòdí", àwọn tó gbọ́ ọ lọ́jà ló lọ yí igbá wọn dojú dé fúnra wọn.

Ọmọ àbúrò mi kan tó ń rap ní Kétu níbí gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Tọ́ntọ́n ló ń pè mí, bí àwọn Faransé ṣe ń pe arákùnrin òbí wọn. Ó ní, "Tọ́ntọ́n, ìlà kejì yẹn, punchline gidi ni, ó ta èèyàn lára gan-an! Àmọ́ ẹ ò fi ríìmù sí i." Mo ní kí ni n ó fi ríìmù ṣe.

Ibẹ̀ ni mo ti ń bá àwọn ọmọ wa jà. Faransé ni wọ́n kà níléèwé, rap Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n sì rò pé bí ìparí ìlà méjì bá ti bára mu, iṣẹ́ ti parí. Nínú Faransé, iṣẹ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá ò mọ bí a ti ń fi kọ́ńsónáǹtì parí. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje la ní, àwọn àránmúpè díẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Ta ló máa wá ọ̀rọ̀ méjì tó parí bákan náà tí kò ní rí ogún? Ohun tó bá wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ bẹ́ẹ̀ kì í dá ẹnikẹ́ni lọ́lá. Ohùn ni iṣẹ́ wà. Bí ọmọ bá fi ohùn Faransé gbé "ìdí", ó ti lè di ìdì igi, ó sì lè di ẹyẹ idì, kó fò lọ mọ́ wa lójú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe á gbé ohùn òkè ko ti ìsàlẹ̀, bí mo ṣe fẹ́ kí ẹnu igbá àti ìdí igbá kora wọn lójú. Mo sì gbà fún wọn pé rap bá èdè wa lára mu ju ọ̀pọ̀ orin lọ, nítorí pé ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, kì í fa ohùn ya.

Ohun tí wọ́n ń pè ní flow náà, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bá ìlù rìn, ẹ lọ wò ó lọ́sàn-án Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọkùnrin á gbé ère lérí, á múra bí obìnrin, ṣaworo irin á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyáàlù á sọ̀rọ̀. Irú ọ̀rọ̀ ìlù bẹ́ẹ̀ là ń pè ní ẹ̀ka. Oníjó gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀ka náà, kó sì fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ ọ̀hún mọ́lẹ̀ ní sílébù ní sílébù, kí ṣaworo rẹ̀ dún níbi tí ìlù ti dún, kó dákẹ́ níbi tí ìlù ti dákẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá fi ìdajì sílébù gbẹ̀yìn, àwọn ìyá tó jókòó á ti mọ̀. Wọ́n ní ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Oníjó tó bá ṣi ẹ̀ka náà ti rí ìran tirẹ̀ lójú àwọn ìyá.

Ti àwọn tó fi kálámù ṣe tiwọn ò gùn. Ogun Dàhòmì fọ́ Kétu lọ́dún 1886, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ sí Àbọ̀mẹ̀, olú ìlú wọn, ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì tán ní 1894 ni ìlú tó gbérí. Nínú Kétu tó gbérí yẹn ni Thomas Moulero ti jáde, ọmọ Dàhòmì (bí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ń jẹ́ nígbà náà) àkọ́kọ́ tí Ìjọ Kátólíìkì fi joyè fádà, lọ́dún 1928. Fádà yìí ló jókòó kọ ìtàn Kétu, tó tún kọ̀wé lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ó ṣeun, àmọ́ Faransé ló fi kọ ọ́. Bí ẹ bá ka orin Ẹ̀fẹ̀ ní Faransé, ẹ rí ohun tó sọ, ẹ ò rí bó ṣe jẹ́ pé ó lè sọ ọ́ kí wọ́n má lù ú. Láti 1975 ni Bẹ̀nẹ̀ sì ti ní álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún àwọn èdè wa, ó fi ɛ àti ɔ rọ́pò ẹ àti ọ, nítorí náà bí mo bá kọ Ẹ̀fẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìmẹ̀kọ, lápá Nàìjíríà, tí ọmọ iléèwé wa kọ Ɛ̀fɛ̀, ẹ̀fẹ̀ kan náà la jọ ń ṣe.

Rap ní tirẹ̀ ní ojúlé tí a mọ̀. 1520 Sedgwick Avenue, Bronx, ní New York, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973. Cindy Campbell ló ṣe àríyá yẹn kí iléèwé tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Clive, ọmọ Jàmáíkà tí wọ́n ń pè ní Kool Herc, ló ń lu àwo. Ó kíyè sí i pé ibi tí ìlù nìkan ti ń dún ni àwọn oníjó ń dúró dè, ó wá fi àwo méjì tó jọra fa ibẹ̀ gùn. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ lé e lórí, kò ju kíkí èèyàn lọ nígbà náà. N ò sọ pé ọmọ Ẹ̀fẹ̀ ni rap. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń fi ìtàn ṣe fọ́ńté. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìlù tó ṣófo ni Herc náà tò.

Ibi tí àwọn méjèèjì ti wá pàdé, òkè òkun ni. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé orúkọ Kétu dé Bahia ní Brazil, títí dòní Ketu ni ìdílé òrìṣà kan ń jẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún 1988, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní São Paulo láti jà fún ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n sọ ọ́ ní Geledés. Ẹgbẹ́ yìí ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọ̀dọ́ olórin rap ìlú náà ní 1992. Ìyẹn ṣáájú kí UNESCO, àjọ àṣà àgbáyé, tó kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà aráyé ní 2001.

Mo fi hàn ọmọ àbúrò mi lórí tẹlifóònù. Ó wo orúkọ náà títí. "Tọ́ntọ́n, kí ni s ń wá ní ìparí rẹ̀?"

Mo ní bóyá nítorí pé wọ́n pọ̀ ni.