Àwọn Àgbẹ̀ Massachusetts Tó Gbé Ìbọn Nítorí Owó Orí: Ṣé Wọ́n Jàre?

Àwọn ènìyàn máa ń bi àwa agbẹjọ́rò pé, bí owó orí bá ju agbára àgbẹ̀ lọ, tí gbèsè sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣé ó jàre bí ó bá gbé ohun ìjà? N kì í dáhùn láìwo ọ̀ràn kan pàtó, èyí tí mo sì máa ń tọ́ka sí ni ti àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, tí Daniel Shays wà lára àwọn aṣáájú wọn ní ọdún 1786.

Nígbà ogun òmìnira tí Amẹ́ríkà bá Britain jà, ìwé ìlérí ni ìjọba fi san owó púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí ìyà ń jẹ wọ́n, wọ́n ta ìwé náà ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn olówó. Lẹ́yìn ogun, ìpínlẹ̀ náà pinnu láti san gbèsè rẹ̀ pẹ̀lú èlé, ó sì bu owó orí lé àwọn ará ìlú, èyí tó wúwo jù lọ fún àgbẹ̀ tí kì í sábà rí owó wúrà tàbí fàdákà. Ẹni tó jagun, tó sì ta ìwé rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, òun náà ló tún ń san owó orí kí ẹni tó rà á lè jèrè. Ẹni tí gbèsè bá bò mọ́lẹ̀, ilé ẹjọ́ lè gba ilẹ̀ àti màlúù rẹ̀, tàbí kí ó rán an lẹ́wọ̀n. Ìrẹ́jẹ ni èyí, n kò sì rí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà pè é ní ohun mìíràn.

Ìlú lẹ́yìn ìlú kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gba ìsinmi láìṣe ohun tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, nǹkan bí 1,500 ọkùnrin dí ilé ẹjọ́ Northampton lọ́wọ́ láti jókòó. Òfin kò fàyè gba ìyẹn, ṣùgbọ́n ní tèmi, wọ́n jàre, nítorí wọn kò pa ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ tí ilé ẹjọ́ bá sì ti gbà kì í padà bọ̀rọ̀.

Ti ìlú Springfield yàtọ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1787, wọ́n kọjú sí ilé tí ìjọba ń kó ohun ìjà pamọ́ sí, ìbọn àgbá àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì pa mẹ́rin nínú wọn. N kò lè sọ pé wọ́n jàre níbẹ̀, nítorí lọ́dọọdún ni wọ́n ń dìbò yan gómìnà ní Massachusetts nígbà náà. Láàárín oṣù díẹ̀, John Hancock borí James Bowdoin, gómìnà ìgbà náà, nínú ìdìbò, àwọn aṣòfin tuntun sì dín owó orí kù. Àwọn kan á ní ìbẹ̀rù ìbọn ló fà á. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n dídí tí wọ́n dí ilé ẹjọ́ ti dẹ́rù ba ìjọba tó.

Síbẹ̀, nígbà náà, ẹni tí kò bá ní dúkìá tó iye kan kò lè dìbò. Bí ilé ẹjọ́ bá gba ilẹ̀ àgbẹ̀, ìbò tí ì bá fi dín owó orí kù lè bá ilẹ̀ náà lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ṣòro fún mi jù lọ láti dá lẹ́bi, kódà ní Springfield.