Ìpáàrà: ohun tó jẹ́ gan-an, àti bí ohun kíkan ṣe ń bọ́ ọ kúrò lára irin

Àgbẹ̀ tó fa àdá rẹ̀ yọ láti abẹ́ ahéré lẹ́yìn òjò yóò kàn wò ó, yóò ní, "Ó ti dógùn-ún." Ìyẹ̀fun pupa tó rí lára rẹ̀ yẹn ni a ń pè ní ìpáàrà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìpẹtà.

Ọ́síjìn wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Bí omi bá dúró lára irin, ọ́síjìn á rí ọ̀nà láti so pọ̀ mọ́ irin náà, ohun tí wọ́n sì jọ dà kì í ṣe irin mọ́: ó rọ̀, ó ń ṣí bí èèpo, ó sì ń gba àyè ju irin tó ti jáde wá lọ. Ìdí nìyí tó fi máa ń wú tó sì ń já bọ́, tí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ á tún fara han sí omi. Ti ìkòkò alumí yàtọ̀: òun náà ń so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, ṣùgbọ́n awọ tín-ín-rín tó ń bò ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, ó sì ń dáàbò bo èyí tó kù. Iyọ̀ ní tirẹ̀ ń mú kí ìpáàrà yá, òun ló fà á tí irin ilé létí òkun Àgbádárìgì fi ń tètè dógùn-ún ju ti Ìbàdàn lọ.

Ohun kíkan ni olórí oògùn rẹ̀ nínú ilé, nítorí ásíìdì inú rẹ̀, èyí tó ń mú kí ó kan, ló ń yọ́ ìpáàrà sínú omi. Ọtí kíkan inú ìgò, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fíníga, sábà máa ń ní ásíìdì tó tó ìdá 5 nínú 100, omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà sì lágbára dáadáa. Omídùn tó ti kan náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í yá.

Kí a tó rẹ àdá, a ó kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ẹrẹ̀ àti ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, torí ọ̀rá kì í jẹ́ kí ásíìdì kan irin. Kẹ́ẹ̀gì tí a là ní ìbú ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí, kí èkù onígi má bàa rẹ sínú omi. Bí fíníga kò bá tó láti bo irin náà, àkísà tí a rẹ sínú rẹ̀ ni a ó fi wé e. Tó bá di òwúrọ̀, ìpáàrà náà á ti rọ̀, á sì ti dúdú bí ẹrẹ̀ gọ́tà. Kànrìnkàn irin tí a fi ń fọ ìkòkò ni a ó fi ha á dànù. Kí a má ṣe fi sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí ásíìdì bá jẹ ìpáàrà tán, irin gan-an ló kàn. Èmi fúnra mi gbàgbé ọ̀bẹ kan sínú omi ọsàn fún ọjọ́ mẹ́ta rí. Nígbà tí mo yọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ti rí jágajàga bí ẹnu ayùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù iṣẹ́ wọn ni ẹ̀yìn èyí. Wọn á fi omi ṣan irin náà, wọn á gbé e sílẹ̀, kí wọ́n tó yíjú padà ó ti tún pọ́n. Omi eérú tàbí ọṣẹ dúdú ló yẹ kí a fi fọ̀ ọ́, torí wọ́n ń pa ásíìdì tó kù lára rẹ̀, kí a sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Oòrùn dára fún un, àmọ́ kí a má gbé e lé iná, nítorí ooru púpọ̀ ń gba líle tí alágbẹ̀dẹ fi sí ẹnu àdá. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa á. Epo pupa kò dára tó bẹ́ẹ̀: bó bá pẹ́, òun náà á kan, bẹ́ẹ̀ ohun kíkan la ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kúrò.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da blíìṣì ìfọṣọ pọ̀ mọ́ fíníga tàbí omi ọsàn, torí afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde láti inú wọn. A kì í sì í rẹ garawa onípáànù sínú ohun kíkan, nítorí ásíìdì á jẹ síńkì tó ń ṣọ́ irin rẹ̀. Ní ti àdá tí ìpáàrà ti lu já, fíníga kò lè dá irin tó ti lọ padà; ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ló ń lọ.