Bí Ẹ̀kọ́ Imam Malik Ṣe Di Mudawwana ní Kairouan

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Imam Malik, onímọ̀ òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ni ó kọ Mudawwana, ìwé ńlá tí ó kó ìdáhùn lórí òfin ẹ̀sìn ní ìlànà rẹ̀ jọ, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀, àṣìṣe náà sì ń fi iṣẹ́ takuntakun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe pamọ́. Muwatta ni ìwé tí Malik fúnra rẹ̀ kọ, Mẹ́dínà ni ó sì jókòó sí tí ó ń kọ́ni títí ó fi kú ní ọdún 795. Kairouan, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tùnísíà lónìí, ni Mudawwana ti jáde, láti ọwọ́ Sahnun ọmọ Sa'id, ẹni tí kò fojú kan Malik rí. Ìtàn sọ pé àìlówó ni kò jẹ́ kí ó lè dé Mẹ́dínà nígbà tí Malik wà láàyè.

Ẹlòmíràn ni ó ti kọ́kọ́ la ọ̀nà náà. Asad ibn al-Furat, tí òun náà dàgbà ní agbègbè Kairouan, lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Malik, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí Malik ń fẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni Malik fẹ́ràn láti dáhùn, "bí ó bá wá rí báyìí ńkọ́?" kò wù ú, ó sì ní kí ẹni tí ó bá ń wá irú rẹ̀ kọrí sí Írákì. Asad lọ, ó sì rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní àkúnwọ́sílẹ̀ lọ́dọ̀ Muhammad al-Shaybani, akẹ́kọ̀ọ́ Abu Hanifa, onímọ̀ òfin ńlá ní Írákì. Lẹ́yìn ikú Malik, ó kó àwọn ìbéèrè náà lọ sí Íjíbítì kí ó lè mọ ohun tí Malik ì bá fi dáhùn wọn. Ibn Wahb, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Malik, kọ̀, nítorí kò fẹ́ sọ kọjá ohun tí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ibn al-Qasim, tí ó ti lo nǹkan bí ọdún 20 lọ́dọ̀ Malik, gbà. Níbi tí ó bá ti rántí ọ̀rọ̀ Malik, á sọ ọ́ bí ó ṣe gbọ́ ọ; níbi tí kò bá ti dá a lójú, á ní "mo rò pé"; níbi tí Malik kò bá sì ti sọ nǹkan kan, á wo ohun tí Malik sọ lórí ọ̀ràn tí ó jọ ọ́, á fi dáhùn. Asad kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e wá sí Kairouan, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pe ìwé náà: Asadiyya.

Ohun tí Sahnun wá ṣe lẹ́yìn èyí ni ọgbọ́n inú ètò kíkọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ sílẹ̀ yìí. Ó rí ẹ̀dà Asadiyya gbà, kò sì kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ni. Ní ọdún 804 ó gbé e lọ sí Íjíbítì, ó ń kà á sí etí Ibn al-Qasim, ẹni tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ìyá tí ó bá ń rán ọmọ ní iṣẹ́ pàtàkì kì í jẹ́ kí ó ṣísẹ̀ nílẹ̀ láìtún iṣẹ́ náà sọ: "Kí ni mo ní kí o wí?" Bí ọmọ bá ń tún un sọ, ìyá á gbọ́ ibi tí ó ti yí i padà. Ìgbà mìíràn sì wà tí ọmọ kò yí nǹkan kan padà, àmọ́ bí ìyá ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn ni ó rí i pé kò yẹ kí òun sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, á ní, "Rárá, fi ìyẹn sílẹ̀, èyí ni kí o sọ." Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Íjíbítì nìyẹn. Ibn al-Qasim yọ ọ̀pọ̀ "mo rò pé" tirẹ̀ kúrò, ó sì yí àwọn ìdáhùn kan padà pátápátá. Kódà níbi tí Asad ti kọ ohun tí ó gbọ́ gẹ́lẹ́, ẹni tí ó sọ ọ́ ti kúrò níbẹ̀. Ìwé kò lè sọ fún òǹkàwé pé olùkọ́ ti pa èrò dà. Ẹni tí ó bá padà lọ bá olùkọ́ ni yóò mọ̀.

Ibn al-Qasim kọ lẹ́tà sí Asad pé kí ó fi ẹ̀dà Sahnun tún tirẹ̀ ṣe. Wọ́n ní Asad kọ̀ jálẹ̀. Àléébù ètò náà hàn níbí, nítorí kò sí ilé-ẹjọ́ tàbí ọba tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi ipá mú olùkọ́ kí ó tún ìwé rẹ̀ ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó fi ẹsẹ̀ ara wọn dá ẹjọ́ náà: ọ̀dọ̀ Sahnun ni wọ́n ń wọ́ lọ. Asad kó ogun lọ sí Sísílì ní ọdún 827, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún kejì. Sahnun di adájọ́ àgbà Kairouan ní ọdún 849, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún.

Ní ilé, Sahnun to ọ̀rọ̀ náà sí orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì fi hádíìsì àti ìṣe àwọn ará ìṣáájú tí ó gbà lọ́dọ̀ Ibn Wahb kún un, àmọ́ kò to gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó kú. Ohun tí ó yẹ kí a fi yìn ín jù ni pé kò pa ohùn àwọn tí ó sọ̀rọ̀ rẹ́. Nínú orí àlùwàlá, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, Sahnun bi Ibn al-Qasim bóyá Malik dá iye ìgbà kan fún àlùwàlá, yálà ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ibn al-Qasim ní rárá, ohun tí Malik ń fẹ́ ni pé kí ènìyàn ṣe é dáadáa kí ó kún. Malik kì í dá iye, ohun tí wọ́n gbọ́ lórí iye náà kò sì bára mu. Nínú ìbéèrè kan àti ìdáhùn kan, òǹkàwé ti mọ ẹni tí ó béèrè, ẹni tí ó dáhùn, ohun tí ó jẹ́ ti Malik, àti pé àríyànjiyàn wà níbẹ̀. Adájọ́ tí ó bá ka irú ọ̀rọ̀ báyìí mọ bí ilẹ̀ tí ó dúró lé ṣe le tó.

Lẹ́yìn Sahnun, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Orí kọ̀ọ̀kan, bíi ti ìgbéyàwó tàbí ti ọjà títà, lè dá dúró bí ìwé kékeré lórí awọ ẹran. Akẹ́kọ̀ọ́ á da ọ̀rọ̀ kọ, á fi òbìrìkìtì kékeré sí òpin gbólóhùn, nígbà tí ó bá sì ti ka ibẹ̀ níwájú olùkọ́ tí wọ́n ti fi wé ẹ̀dà olùkọ́, á kán tàdáwà bíńtín sí àárín òbìrìkìtì náà. Òbìrìkìtì tí inú rẹ̀ ṣófo ń sọ pé a kò tíì yẹ ibẹ̀ wò. Irú àwọn awọ bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú àkójọ ìwé Kairouan títí di òní, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ẹni tí ó gbọ́ ìwé náà lẹ́nu ta.

Ṣùgbọ́n Mudawwana gùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń lọ ń bọ̀, nítorí náà àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké e kúrú. Ibn Abi Zayd, ọmọ Kairouan tí ó kú ní ọdún 996, ṣe àkékúrú rẹ̀, ó sì kọ Risala fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀sìn. Risala yìí ni àwọn ọmọ kéú àgbà ń kà níwájú àfáà ní Ìlọrin àti Ìbàdàn, nítorí ìlànà Malik ni àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé. Èrè rẹ̀ pọ̀, ènìyàn lè há a sórí, ṣùgbọ́n àdánù wà níbẹ̀: ìdáhùn ni ó kù, ìbéèrè àti iyèméjì ti lọ. Khalil ibn Ishaq tilẹ̀ ké ọ̀rọ̀ kúrú débi pé nínú Mukhtasar rẹ̀, tí ó kọ ní Íjíbítì ní ọ̀rúndún 14, bí ó bá fẹ́ tọ́ka sí Mudawwana, "nínú rẹ̀" péré ni ó ń kọ, kì í dárúkọ ìwé. Ó sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé Mudawwana ni òun ní lọ́kàn; ẹni tí kò bá ka ìbẹ̀rẹ̀ náà lọ́dọ̀ àfáà, tí ó kàn ṣí àárín ìwé, kò ní mọ inú kí ni wọ́n ní kí òun wò.