Inṣọ́ránsì tó ń wo òjò, tí kì í wo koríko

Pé àgbẹ̀ ń dáwó sí inṣọ́ránsì òjò, pé wọ́n máa san nǹkan fún un tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ìyẹn ò ṣòro. Èyí táwọn èèyàn ń gbà sódì ni pé tí eèsún tí wọ́n gbìn fún màlúù bá ti gbẹ, ẹnì kan máa gun ọ̀kadà wá láti Adó, á ya fọ́tò, á kọ nǹkan sínú ìwé. Rárá o! Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Òjò ni wọ́n ń wọ̀n, wọn ò wo koríko yín.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Amẹ́ríkà láti 2007 rèé: wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 25, wọ́n ní àkọsílẹ̀ òjò ibẹ̀ láti 1948, wọ́n wá pe ìwọ̀n tó máa ń rọ̀ ní 100. Àgbẹ̀ á mú oṣù méjì-méjì tó ń bà á lẹ́rù, á tún mú ìwọ̀n tó fẹ́, láti 70 dé 90, tí òjò bá ti dín sí ìyẹn, wọ́n á sanwó. Ká ní ó mú 90, tí òjò wá jẹ́ 60 péré, 30 ló dín, 30 nínú 90 sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí inṣọ́ránsì dáàbò bò fún oṣù méjì yẹn ni wọ́n máa san.

Owó iná àfojúbù gan-an ni. Wọn ò wo mítà ẹnì kankan, iná tó wọ àdúgbò ni wọ́n ń pín, ìyá tó ń fi fírísà ta omi tútù àti bàbá tó ní gílóòbù kan, iye kan náà, ẹ lọ bá wọn jà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àyàfi pé ti inṣọ́ránsì òjò yìí lè ṣojúure sí yín, torí oko yín lè wà létí odò, kí eèsún má tiẹ̀ mọ̀ pé òjò dín, owó á ṣì wọlé.

Tí wọ́n bá gé Èkìtì báyìí, igun mẹ́rin kan lè gbé Adó àti Ìkẹ́rẹ́ pọ̀, ẹ sì mọ bí òjò wa ṣe rí, á rọ̀ l'Adó débi pé omi á kún bàtà, eruku ṣì ń sọ n'Ìkẹ́rẹ́. Ẹni eji rí leji ń pa, àmọ́ kọ̀ǹpútà ti da gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Síbẹ̀ ọgbọ́n wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dáná sun oko ẹ̀ kó wá máa sunkún gbowó. Ibi tó kù sí ni yíyan oṣù yẹn. Ẹni tó bá mú Jánúárì sí Fẹ́búárì nílẹ̀ wa, nígbà tí koríko ti sùn, òjò tó yẹ kó rọ̀ kéré, tí èyí tó kéré ọ̀hún bá tún yẹ̀ díẹ̀, ìdá ńlá ló máa dín, owó á jáde, eèsún ò sì pàdánù nǹkan kan. Tẹ́tẹ́ nìyẹn. Ó yẹ kí wọ́n fi dandan lé Épírì sí Méè, nígbà tí koríko ń hù.